Ta Ni Yóò Sanwó Ọdún Kẹrin?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú. Mo lè máa ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́, kó ṣàdéédé tún sọ sí mi lọ́kàn: kí ló dé tí owó tí a fi ń ra ẹ̀rọ sí kíláàsì máa ń tètè yọjú, àmọ́ tí owó tí a ó fi tọ́jú ẹ̀rọ náà kì í yọjú? Àwọn ìjọba tó lówó lọ́wọ́ ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn tí kò rí já jẹ náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dé, a máa ń ya fọ́tò, àwọn èèyàn ńlá á sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìdajì wọn bá ti kú sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kì í sí akọ̀ròyìn kankan níbẹ̀.

Mi ò ní jókòó ti àríyànjiyàn pé bóyá kọ̀ǹpútà dára fún ọmọ tàbí kò dára. Ohun tó ká mi lára ni owó: irú owó tí à ń ná, àkókò tí ó máa ń tán, àti ẹni tó ń pinnu ohun tí a ó fi rà. Mo ti wá gbà pé irú owó tí a fi ra ẹ̀rọ ló ń sọ ohun tí ẹ̀rọ náà máa dà ní kíláàsì, ju bí ẹ̀rọ náà ṣe dára tó lọ.

Ìpàdé kan

Ilé ìwé kan pe àwa òbí díẹ̀ láti bá ìgbìmọ̀ wọn jókòó. Wọ́n ti rí owó ìrànwọ́ gbà, wọ́n sì fẹ́ fi ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tà á rán ọkùnrin kan wá. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó gbé àwòrán ọkàn èèyàn sára ògiri, ó fi hàn wá bí ọmọ ṣe lè fi ìka yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ó rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó fi hàn wá bí tíṣà ṣe lè dúró sí ojú kan kí ó máa wo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó wuni lóòótọ́. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò jókòó sẹ́yìn. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí alága ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè béèrè, ó dìde, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àdéhùn tí ẹ mú wá yìí, ọdún mélòó ni?" Ọkùnrin náà ní ọdún mẹ́ta ni. "Sọ́fítíwia tí ẹ fi hàn wá yìí ńkọ́, ṣé ó wà nínú ẹ̀?" Ó ní ó wà níbẹ̀, fún ọdún mẹ́ta. "Bí ojú ẹ̀rọ bá fọ́ ńkọ́?" Ó ní wọn á tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, fún ọdún mẹ́ta. Obìnrin náà mi orí, ó wá ní, "Ọdún kẹrin ńkọ́, sà?"

Ọkùnrin yẹn kò purọ́, kò sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní tó bá di ọdún kẹrin, ilé ìwé lè máa san owó sọ́fítíwia fúnra rẹ̀, orí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iye kan lọ́dún, tàbí kí wọ́n tún àdéhùn ṣe. Ó tilẹ̀ sọ iye tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Mo wo ọ̀dọ̀ akápò. Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Alága ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ọpẹ́ gba èyí tó wà nílẹ̀ ná. Tí a bá débẹ̀, a ó wò ó."

Obìnrin náà kò tíì jókòó. Ó ní, "Alága, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, púpọ̀ nínú wọn kò lè ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Wọ́n ti já bọ́ láti kíláàsì tí wọ́n ti kọjá ni, mi ò sì lè dá padà síbẹ̀ pẹ̀lú wọn kí n tún máa bá àwọn yòókù lọ síwájú. Ká ní ẹ bi mí ni, ẹnì kan ni mo máa ní kí ẹ gbà, tí yóò máa mú àwọn tó ti ṣẹ́yìn jókòó lọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ lè ràn wá lọ́wọ́, mi ò ní kò lè ṣe é. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi wá pé kí ló ń ṣe wá."

Alága fèsì pẹ̀lẹ́ pé owó náà kò ṣe é san owó oṣù ẹnikẹ́ni. Àwọn tó fún wọn ti kọ ọ́ sínú ìwé: ohun èlò nìkan ni kí wọ́n fi rà, kí wọ́n sì ná an tán kí ọdún tó parí. Mo gba ìwé náà wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbọ́ pé ẹ̀rọ kún ilé ìwé kan, tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, mo máa ń rò pé àìbìkítà ni, tàbí kí ẹnì kan ti jẹ nínú owó náà. Nínú yàrá yẹn, kò sí olè, kò sì sí ọ̀lẹ. Ẹni tó ń tajà sọ òótọ́, alága fẹ́ràn àwọn ọmọ, tíṣà mọ ohun tó ń dun kíláàsì rẹ̀. Síbẹ̀, ìpinnu tí kò dára ni a ṣe, nítorí pé owó tó wà nílẹ̀ ti mú ìwà tirẹ̀ wá. Ó lè ra ohun tí a lè fọwọ́ kàn, kò lè san èèyàn. Ó lè ra tòní, kò lè san tọ̀la.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ni ẹ̀fà. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àpò tí yóò gbé e kí ó má baà fọ́, kọ́bọ́ọ̀dù tí a ti lè gba iná sí ọgbọ̀n ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti wáyà iná tó lè gbé ẹrù bẹ́ẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tó ọ́fíìsì kan lò kò ní tó nígbà tí ọgbọ̀n ọmọ bá ṣí fídíò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ní láti wà tí yóò máa tún ọ̀rọ̀ aṣínà ṣe fún ọmọ tó gbàgbé tirẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, tíṣà ni yóò di onítọ̀hún, ẹ̀kọ́ á sì dúró.

Bátìrì ńkọ́? Bátìrì lithium tó wà nínú púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ bí a bá ti gba iná sí i dé òpin ní nǹkan bí ìgbà 500. Bí kíláàsì bá ń lo bátìrì tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tí ọjọ́ ẹ̀kọ́ sì jẹ́ nǹkan bí 200 lọ́dún, àárín ọdún kẹta nìyẹn. Gbogbo wọn ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni a rà wọ́n.

Èyí tó dùn mí jù ni ẹ̀rọ tí kò tíì bàjẹ́ tí wọ́n ti sọ di aláìwúlò. Chromebook kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo ètò Google, tí ó kún inú ilé ìwé káàkiri ayé, ní ọjọ́ tí Google kò ní fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i mọ́. Ní 2023, Google sún ọjọ́ náà síwájú dé ọdún mẹ́wàá, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ìgbà tí irú ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún mẹ́wàá yẹn. Ilé ìwé tó ra èyí tó dínwó nítorí pé ó ti pẹ́ lọ́jà ti pàdánù ọdún mélòó kan kí ọmọ kankan tó tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Microsoft náà fòpin sí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Àìmọye kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò lè gba Windows 11, nítorí pé kò ní ẹ̀yà ààbò inú tí Windows 11 béèrè. Tíṣà tó ń lo irú ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan tó burú. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan tó burú. Ọjọ́ ló pé.

Gbogbo èyí ni ẹni tó ń ṣe ètò owó lè rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Ohun tó ń fà á tí kì í fi sí nínú ìwé ni pé owó ẹ̀ẹ̀kan kì í ní ojú ìwé fún ọdún tí kò tíì dé.

Wọ́n ti ṣe é rí, wọ́n sì tún ń ṣe é

Ìlérí náà ti dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ní 1913, Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà tó ń hùmọ̀ ẹ̀rọ, sọ pé kò ní pẹ́ tí ìwé yóò di ohun àtijọ́ ní ilé ìwé, pé fíìmù ni a ó máa fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀. Rédíò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni amóhùnmáwòrán. Ní 1964, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi amóhùnmáwòrán kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní American Samoa, àwọn erékùṣù kan tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso, ẹ̀kọ́ ń ti ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán wá, tíṣà inú kíláàsì sì di ẹni tó ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá ti là sílẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó sú àwọn tíṣà àti àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀, ìlò rẹ̀ sì dínkù.

Ní 2005, Nicholas Negroponte láti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré kan jáde fún àwọn ọmọ tálákà ayé. Ó ní 100 dọ́là ni yóò jẹ́. Nígbà tí ó fi máa délé àwọn ọmọ, owó rẹ̀ ti sún mọ́ 200. Ilẹ̀ Peru rà ju 800,000 lọ. Ilé ìfowópamọ́ tó ń rí sí ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí IDB, wá tọpasẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 319 ní ìgbèríko. Èsì náà jáde ní 2012. Ní àwọn ilé ìwé tí ètò náà dé, kọ̀ǹpútà ti ju iye ọmọ lọ, ṣùgbọ́n máàkì ìṣirò àti ti èdè kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọn kò fún. Púpọ̀ nínú ilé ìwé náà kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọ́n kó o fún ọmọ, wọ́n sì retí pé ìmọ̀ yóò ti ibẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

Ẹ má rò pé àìlówó ló fà á. Ní 2013, àjọ tó ń rí sí ilé ìwé ìjọba ní Los Angeles pinnu láti fún gbogbo ọmọ ní iPad, tábúlẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ Apple. Ètò náà yóò ná wọn tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọ ti rí ọ̀nà gba ìdènà tí wọ́n fi sí i kọjá. Ẹ̀kọ́ tí Pearson, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ẹ̀kọ́, yẹ kó kó sínú rẹ̀ kò tíì parí. Ní 2014 ni wọ́n dá àdéhùn náà dúró, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì gba mílíọ̀nù 6.4 dọ́là padà láti fi yanjú aáwọ̀ tó tìdí ẹ̀ yọ. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan wà tí mo tún kà lẹ́ẹ̀mejì: owó gbèsè tí àwọn ará ìlú dìbò gbà láti fi kọ́ ilé ìwé àti láti fi tún un ṣe ni wọ́n fẹ́ fi ra iPad. Gbèsè bẹ́ẹ̀, ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a fi ń san án. Ọmọ tó lo ẹ̀rọ náà á ti dàgbà, á ti bí ọmọ tirẹ̀, wọn ò ní tíì san owó ẹ̀rọ tán.

Owó tó ń wá lọ́dọọdún

A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wọ mí lára jù. Nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn ilé ìwé ní nǹkan bí bílíọ̀nù 190 dọ́là nínú òfin mẹ́ta láàárín 2020 sí 2021. Ó ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́, mi ò jẹ́ sọ pé kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọmọ tí kò ní ohun tí yóò fi gbọ́ tíṣà rẹ̀ láti ilé rí i gbà. Ṣùgbọ́n òfin kẹta, tó tóbi jù nínú wọn, ní kí wọ́n ti pinnu ohun tí wọ́n máa ná tirẹ̀ lé lórí kó tó di òpin oṣù kẹsàn-án 2024. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní 2020 àti 2021 bẹ̀rẹ̀ sí í gbó ní àkókò kan náà tí owó náà tán.

Ní orílẹ̀-èdè kan náà, ètò mìíràn wà tí kì í dún tó bẹ́ẹ̀. Òfin 1996 lórí ìbánisọ̀rọ̀ ló bí i, E-Rate ni wọ́n ń pè é. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ń dá owó sí àpò kan, ilé ìwé àti ilé ìkàwé sì ń rí ẹ̀dínwó gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìdá 20 sí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ṣe tòṣì tó ni ẹ̀dínwó rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Kì í ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ, a ò sì ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ó kàn ń wá lọ́dọọdún. Àwọn kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba owó náà kò bófin mu. Ní oṣù kẹfà 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní ọmọ kankan níbẹ̀.

Uruguay náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ohun kan náà tí Peru ṣe. Láti 2007 ni wọ́n ti ń fún ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní irú kọ̀ǹpútà kan náà. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kò rí i pé máàkì ìṣirò tàbí ti ìwé kíkà lọ sókè. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Uruguay dá àjọ kan sílẹ̀ fún un, Ceibal, tí owó rẹ̀ wà nínú ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè, tí kì í ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ kan. Nítorí pé àjọ náà wà níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lè rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó kó sì tún un ṣe. Wọ́n ṣètò ibi tí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n mú okùn íntánẹ́ẹ̀tì dé ilé ìwé. Nígbà tí ó yá, wọ́n wá béèrè pé kí ni kíláàsì kò ní. Wọ́n rí i pé tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tó. Láti 2012, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní ibòmíràn, kódà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ń fi fídíò bá kíláàsì sọ̀rọ̀, tíṣà àwọn ọmọ gan-an sì wà láàárín wọn, ó ń bá wọn ṣe é, òun náà ń kọ́ èdè náà. Ìyẹn ni mo pè ní lílo ẹ̀rọ. Àìní kan wà tí a lè dárúkọ, ẹ̀rọ sì wá dí i.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí

Èyí gbé mi padà sí ọ̀rọ̀ tí tíṣà ìṣirò yẹn sọ, pé àwọn kan ti já bọ́ ní kíláàsì tí wọ́n ti kọjá. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Karthik Muralidharan, Abhijeet Singh àti Alejandro Ganimian, yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò ní Delhi, ní ilẹ̀ India, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Wọ́n rí i pé nínú ìṣirò, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà wà ní nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn ibi tó yẹ kí wọ́n wà, àlàfo náà sì ń fẹ̀ sí i bí kíláàsì ṣe ń ga. Tíṣà kan ṣoṣo kò lè kọ́ gbogbo wọn láti inú ìwé kan náà, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

Wọ́n fi lótìrì mú àwọn ọmọ tí yóò máa lọ sí ibùdó ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ilé ìwé. Níbẹ̀, sọ́fítíwia kan tó ń jẹ́ Mindspark máa ń wádìí ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró sí gan-an, á sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kódà bó jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì kẹta ló yẹ kí ọmọ kíláàsì keje ṣe. Ìṣẹ́jú 45 ni ọmọ ń lò lórí kọ̀ǹpútà, yóò tún lo ìṣẹ́jú 45 pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ kékeré. Láàárín oṣù mẹ́rin ààbọ̀, àwọn ọmọ tí lótìrì mú fi àwọn yòókù sílẹ̀ gan-an nínú ìṣirò, wọ́n sì ju wọ́n lọ nínú èdè Hindi náà. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹ̀rọ tó mọ ibi tí ọmọ ti ṣubú, àti èèyàn tó jókòó tì í. Obìnrin inú ìpàdé yẹn kò ka ìwádìí kankan. Ó ti sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wí fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé tíṣà ni kí a kọ́kọ́ bi, kí a tó pe ẹni tó ń tajà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dé. Ìyẹn ti pẹ́ jù. A ti fá orí náà tán, a wá ń béèrè lọ́wọ́ olórí bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tíṣà nílò àkókò láti dán ẹ̀rọ wò, láti kùnà pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí ọmọ kò sí, láti bá tíṣà mìíràn sọ ohun tó ṣiṣẹ́. Àkókò yẹn, owó ni, nítorí pé ẹlòmíràn ní láti wà ní kíláàsì rẹ̀ ní wákàtí náà. Kò sí owó ohun èlò tó ń san irú rẹ̀.

Àwọn kan ti wá fi ìbínú yí padà pátápátá. Ní 2023, ìjọba Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó láti dá ìwé títẹ̀ padà sí kíláàsì lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ṣáájú. Ohun tó ń bí wọn nínú yé mi. Ọmọ kékeré tó ń kọ́ bí a ṣe ń kàwé nílò ìwé, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé ìbínú náà tún lè di ríra nǹkan lẹ́ẹ̀kan, kí ìwé wá gbó nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí tábúlẹ́ẹ̀tì ti kúrò.

Ibi tí mo máa kọ́kọ́ ná an sí

Ìròyìn 2023 láti ọ̀dọ̀ UNESCO, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, lórí ẹ̀rọ nínú ẹ̀kọ́ sọ pé nínú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ayé, ìdá 40 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kò ní iná mànàmáná. Owó kò tó, kò sì ní tó láìpẹ́. Ẹni tó bá ní kí a ra ohun gbogbo fún gbogbo ọmọ kò tíì ṣe ìpinnu kankan.

Bí wọ́n bá ní kí n tò ó, àwọn ọmọ tí ojú wọn kò ríran àti àwọn tí etí wọn kò gbọ́rọ̀ ni n óò fi ṣáájú. Ní ti àwọn yòókù, a lè jiyàn títí di alẹ́ pé bóyá ẹ̀rọ sàn ju ìwé lọ. Ní ti àwọn wọ̀nyí, kò sí àríyànjiyàn. Ọmọ tí kò ríran, tí kọ̀ǹpútà ń ka ojú ìwé sí létí, ń ka ìwé kan náà tí ẹni tó jókòó tì í ń kà, lọ́jọ́ kan náà, láìdúró de ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ ní bráìlì fún un. Sọ́fítíwia tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, NVDA, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọkùnrin afọ́jú méjì ní Ọsirélíà, Michael Curran àti James Teh, ló wà nídìí rẹ̀. Ní 2006 ni Curran bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, nítorí pé irú èyí tó wà lọ́jà wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ afọ́jú lọ.

Kódà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ yẹn kì í ṣe gbogbo owó. Ọmọ náà nílò ìgbọ́rọ̀sétí tó lágbára tí a ó máa pààrọ̀. Bí ó bá ń kọ́ ìṣirò, yóò nílò ẹ̀rọ bráìlì tó ń gbé àmì sókè lábẹ́ ìka, èyí tí owó rẹ̀ sábà máa ń ju ti kọ̀ǹpútà tí a so ó mọ́ lọ. Ó nílò olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń fi kíbọ́ọ̀dù nìkan rìn kiri ojú ẹ̀rọ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún gbogbo ọdún tí yóò lò ní ilé ìwé. Ilé ìwé tó bá gbà á wọlé ní kíláàsì kìíní ti jẹ gbèsè kíláàsì kẹfà. Bí a bá lè kọ owó yẹn sílẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo, ọdún lórí ọdún, kí a sì dárúkọ ẹni tí yóò máa san án, ìgbìmọ̀ tó ṣe é ti mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ fún ọgbọ̀n ọmọ.